Ọkọ̀ ti ga, pọ̀pẹ́là ẹ̀yìn ńkọ́?

Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà oko lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí táwọn èèyàn fi ń gbé Hilux àti jíìpù sókè. Téèyàn bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà lọ́nà Ìkòyí-Ilé sí Ìgbẹ́tì, tàbí tó forí lé apá Kìṣí àti Ìgbòho, kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sáàárín ipa táyà ló máa kọ́kọ́ pàdé. Òkúta á máa ha ikùn ọkọ̀. Bó bá di oṣù kẹsàn-án tí òjò ò dáwọ́ dúró, ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lásán. Torí náà, wọ́n á fi ewé sípíríǹgì kún ewé sípíríǹgì, wọ́n á gbé ṣákù gígùn sí i, wọ́n á wọ táyà ńlá fún un. Ọkọ̀ ga, ó sì wuyì lójú.

Kì í pẹ́ tí ariwo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, lára pọ̀pẹ́là, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá ń gbéra, ọkọ̀ á gbọ̀n rìrì títí eré á fi tó 40. Bó bá wọ ríbáàsì, á gbọ́ "kó!" lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dá ariwo náà lóhùn, kúrọ́ọ̀sì, oríkèé rẹ̀, á já, pọ̀pẹ́là á jábọ́, kì í sì í sábà jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ wà nítòsí mẹkáníìkì ló ń ṣẹlẹ̀.

Mẹkáníìkì púpọ̀ ló máa sọ pé pọ̀pẹ́là náà ni kò lágbára, kí oníbàárà lọ wá èyí tó nípọn jù ú lọ ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Lára ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè, ohun méjì ló ń pa pọ̀pẹ́là ẹ̀yìn: ó ti dagẹ̀rẹ̀ ju bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe fẹ́ lọ, ó sì ti kúrú ju ibi tó gbọ́dọ̀ dé lọ. Páìpù tó nípọn kò wo ìkankan nínú méjèèjì sàn. Nígbà míì gan-an ó tún máa ń dá kún un, a máa dé ibẹ̀.

Ibi tí gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kúrọ́ọ̀sì, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó so pọ̀pẹ́là mọ́ tíránsífà (àpótí gíá tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) níwájú àti mọ́ díìfù (àpótí gíá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) lẹ́yìn. Kúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, tó bá ti tẹ̀, kì í gbé yíyí jáde bó ṣe gbà á wọlé. Bí apá iwájú bá ń yí geere láìyẹ̀, apá ẹ̀yìn á sáré díẹ̀, á tún fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ̀ ní dìgírì 10, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní dìgírì 20 ó ti di 6, ní dìgírì 30 ó ti tó nǹkan bí 15. Ìdí tí pọ̀pẹ́là fi ní kúrọ́ọ̀sì méjì nìyẹn: ohun tí ti iwájú bàjẹ́, ti ẹ̀yìn ló ń tún un ṣe. Àmọ́ kò lè tún un ṣe àfi tí yóòkù (irin elétí méjì tó di kúrọ́ọ̀sì mú) méjèèjì tó wà lára páìpù bá wà ní ìlà kan náà, tí dìgírì tí kúrọ́ọ̀sì iwájú fi tẹ̀ sì bá ti ẹ̀yìn dọ́gba. Kí ọ̀kan má fi ju dìgírì 1 lọ ju èkejì lọ.

Fún ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà, kúrọ́ọ̀sì tó tẹ̀ ní dìgírì 1 sí 3 ni ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn jù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo pátápátá o. Àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké inú fìlà kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdérí tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ máa rìn díẹ̀. Bí wọ́n bá dúró sójú kan, wọ́n á gbẹ́ ilà sára irin, kúrọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní pọ̀pẹ́là jíìpù kúkúrú kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50 láti àárín kúrọ́ọ̀sì kan dé àárín èkejì, tí ẹnu díìfù sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju ẹnu tíránsífà lọ. Ó dagẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 11 àti ààbọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré: ó di dìgírì 22, pọ̀pẹ́là náà sì ní láti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 gùn sí i kó tó lè dé ibi tó ń lọ. Ẹ wá mú pọ̀pẹ́là tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 130, kí ẹ gbé tirẹ̀ náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10. Láti dìgírì 4 àti díẹ̀, ó lọ sí 9 tí kò pé. Gígùn tó nílò kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti díẹ̀ lọ. Ìdí tí Jeep Wrangler onílẹ̀kùn méjì fi ń pariwo níbi tí Land Cruiser gígùn ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n fi gbé àwọn méjèèjì sókè.

Sípíríǹgì àti búlọ́ọ̀kù irin tí wọ́n ń ki sábẹ́ rẹ̀ ló ń yí ìdagẹ̀rẹ̀ yìí padà. Táyà ńlá kì í yí i padà rárá, torí ásùlù (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti ọkọ̀ ló ń gbé sókè pọ̀. Ohun tí táyà ńlá ń ṣe ni pé ó ń dá kún ẹrù tí kúrọ́ọ̀sì ń gbé, pàápàá téèyàn bá wọ gíá kékeré ti tíránsífà láti gun òkúta. Lára tíránsífà NP231 tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ Jeep, gíá kékeré náà ń sọ agbára di ìlọ́po 2.72 kó tó dé pọ̀pẹ́là.

Nítorí náà, wíwọ̀n ló ṣáájú rírà. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: téèpù, kálípà, ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé tàbí ọ̀dà fún àmì, àti ohun tí wọ́n fi ń wọn dìgírì. Fóònù tó ní áàpù ìwọ̀n ìtẹ́jú máa ṣe é, bí ẹ bá yọ àpò tó wà lára rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, kí ẹrù tó máa ń gbé lójoojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Hilux tó ń kó iṣu láti oko kò gbọdọ̀ jẹ́ òfìfo nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀yìn rẹ̀ á wálẹ̀ bó bá rù, nọ́ńbà òfìfo á sì di irọ́.

Ẹ gbé ohun ìwọ̀n sí ojú fúláńjì tíránsífà, irin pẹrẹsẹ tí wọ́n fi bóòtì so pọ̀pẹ́là mọ́, kí ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Ẹ gbé e sára páìpù pọ̀pẹ́là. Ẹ gbé e sójú fúláńjì díìfù. Ìyàtọ̀ láàárín ti tíránsífà àti ti páìpù ni dìgírì tí kúrọ́ọ̀sì iwájú fi tẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín páìpù àti díìfù ni ti ẹ̀yìn. Ẹ rántí pé ojú fúláńjì dúró lóòró, páìpù sì dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹ yọ 90 níbi tó bá yẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣìṣe níbẹ̀ tí wọ́n á wá sọ pé ohun ìwọ̀n ti bàjẹ́.

Gígùn ńkọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ ṣe dúró. Èkejì, kí ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè láti ara ṣaasí títí táyà ẹ̀yìn á fi kọ́ lófuurufú. Ibẹ̀ ni pọ̀pẹ́là ti ń gùn jù. Ẹ̀kẹta, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ásùlù àti rọ́bà ìdènà òkè rẹ̀, torí iye tí ásùlù lè gòkè nìyẹn, ibẹ̀ sì ni pọ̀pẹ́là ti ń kúrú jù. Sílíìfù eléyín tó ń jẹ́ kí pọ̀pẹ́là gùn kó sì kúrú gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo rẹ̀. Bí ásùlù bá gòkè tán, kí ó ṣì ku nǹkan bíi mìlímítà 25 kí irin tó kan ògiri. Bí táyà bá kọ́, kí eyín tó ṣì wà nínú sílíìfù má dín ju fífẹ̀ ọ̀pá eléyín náà lọ. Pọ̀pẹ́là tó gùn jù yóò ti bíárìn tíránsífà láti inú títí tó fi máa fọ́ nínú kòtò kan ṣoṣo. Èyí tó kúrú jù yóò bọ́ jáde níbi tí táyà bá ti kọ́ lórí òkúta, ohun gbogbo á sì dákẹ́.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan irú ọkọ̀ tó jẹ́.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tó jẹ́ fóò-baì-fóò ní pọ̀pẹ́là ẹ̀yìn alápá méjì, sẹ́ńtà bíárìn ló dì í mú láàárín. Bí wọ́n bá gbé e sókè, apá ẹ̀yìn á dagẹ̀rẹ̀ gan-an, apá iwájú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bó ṣe wà, kúrọ́ọ̀sì àárín á wá gbé gbogbo ìyà náà. Gbígbọ̀n tí ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra, tó ń dákẹ́ bí eré bá ti pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: ẹ sọ sẹ́ńtà bíárìn kalẹ̀ pẹ̀lú irin mìlímítà 10 sí 25 láàárín rẹ̀ àti ṣaasí, pẹ̀lú bóòtì tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré, ẹ wà á wò, kí ẹ tó fi kún un. Bí rọ́bà tó yí sẹ́ńtà bíárìn ká bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí kò sí irin tó máa bá rọ́bà jíjẹrà ṣiṣẹ́. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó gbé Hilux sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5 fi máa ra pọ̀pẹ́là tuntun kó tó gbìyànjú èyí.

Jeep Wrangler tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2006 yàtọ̀. Lára èyí tó ní NP231, yóòkù pọ̀pẹ́là ẹ̀yìn gan-an ló ń rìn wọlé rìn jáde nínú ẹnu tíránsífà, síìlì rọ́bà nìkan ló sì dí ọ́ìlì mọ́bẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ga, yóòkù náà á sún jáde, á máa mì, síìlì á jẹ, ọ́ìlì á máa kán. Bí pọ̀pẹ́là bá sì já, téèyàn yọ ọ́ kúrò kó lè fi táyà iwájú wa ọkọ̀ délé, ọ́ìlì tíránsífà á tú dànù sọ́nà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń yọ ọ̀pá ẹ̀yìn tíránsífà náà kúrò, tí wọ́n ń fi èyí tó kúrú tó sì ní fúláńjì tó dúró sójú kan rọ́pò rẹ̀. Rubicon, ẹ̀yà Wrangler kan, ti 2003 sí 2006 kò nílò rẹ̀, fúláńjì ló bá wá. Àǹfààní ọ̀pá kúkúrú ni pé àyè pọ̀ sí i fún pọ̀pẹ́là, pọ̀pẹ́là gùn sí i, ìdagẹ̀rẹ̀ sì dín kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gbé pọ̀pẹ́là tó ní kúrọ́ọ̀sì méjì níwájú àti ẹyọ kan lẹ́yìn sí i.

Kúrọ́ọ̀sì méjì tó wà níwájú yẹn ń pín ìdagẹ̀rẹ̀ sí méjì láàárín ara wọn, ọ̀kan ń tún ti èkejì ṣe lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó kù tí kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn máa tún ṣe, dìgírì tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé imú díìfù sókè kó kọjú sí tíránsífà tààrà, kó wá fi dìgírì 1 sí 2 rẹlẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ iná, sípíríǹgì á yí díẹ̀, imú díìfù á gbéra, á sì bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ẹni tó bá ra pọ̀pẹ́là olówó ńlá yìí tí kò sì yí imú díìfù padà ti fi owó ra gbígbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ àwọn kan létí, wọ́n rò pé kúrọ́ọ̀sì mẹ́ta ju méjì lọ, ó ti tán.

Land Cruiser gígùn tó ní pọ̀pẹ́là kan gbọnrangandan kì í sábà nílò ju kí dìgírì iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba lọ.

Láti gbé imú díìfù sókè lára ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì ewé, pẹlẹbẹ irin tó fẹ́lẹ́ lápá kan tó sì nípọn lápá kejì ni wọ́n ń ki sáàárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀ lórí ásùlù. Ó wà ní dìgírì 2, 4 àti 6. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe é sódì nìyí: bí sípíríǹgì bá wà lórí ásùlù, apá tó nípọn gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn ọkọ̀ kí imú díìfù tó lè gbéra. Bí sípíríǹgì bá wà lábẹ́ ásùlù, apá tó nípọn á kọjú síwájú. Irin gidi ni kí ẹ lò. Alumíníọ̀mù máa ń fọ́ bí yúbóòtì (bóòtì tó tẹ̀ bíi U) bá ti fún un dáadáa, lẹ́yìn náà yúbóòtì á dẹ̀, ásùlù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí imú díìfù bá gbéra púpọ̀, bíárìn iwájú píníọ̀nù, gíá kékeré tó wà ní imú díìfù, lè má rí ọ́ìlì tó. Ẹ bu ọ́ìlì kún un kọjá ihò ìwọ̀n díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ihò afẹ́fẹ́ díìfù kò dí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ síìlì á tú.

Ṣíṣe pọ̀pẹ́là náà wá kù. Páìpù omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà láti Ọ̀wọ̀dé l'Ọ́yọ̀ọ́ títí dé Tákíì l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ ẹnu yóòkù bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n kò rí rogodo, ara rẹ̀ nípọn níbì kan ju ibòmíì lọ, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ yọ sínú, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ kó yí geere. Síńkì tó wà lára rẹ̀ tún ń di èéfín bí wọ́n bá ń jó o, èéfín náà sì máa ń fa otútù àti ibà fún wẹ́dà lálẹ́ ọjọ́ náà. Páìpù pọ̀pẹ́là gidi ni kí ẹ wá, ó lè jẹ́ láti ara pọ̀pẹ́là tòkunbọ̀ ọkọ̀ ńlá, kó ṣáà má ní ibi tó tẹ̀ wọlé. Ẹ fi ìka ra á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ojú lè má rí ohun tí ìka máa rí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ nínípọn ti wá kàn. Bí páìpù ṣe ń gùn tó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́, ni eré tó lè gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì láàárín ṣe ń kéré sí i. Páìpù irin tó fẹ̀ ní ínṣì 3, tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 2.1, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 152, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì ní nǹkan bí ìyípo 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mú èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 2 tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 3, gígùn kan náà: nǹkan bí 3,500 péré ni. Kò sì yẹ kéèyàn kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye yẹn. Ọkọ̀ tó wọ táyà ínṣì 31, tí díìfù rẹ̀ jẹ́ 4.1, bó bá ń sáré 120 láàárín wákàtí lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pọ̀pẹ́là rẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 3,300 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì nípọn dára fún jíìpù kúkúrú tó ń gba òkúta, torí òkúta kò ní tètè tẹ̀ ẹ́, pọ̀pẹ́là náà sì kúrú. Lára ọkọ̀ gígùn, fífẹ̀ páìpù ló ń gbani, kì í ṣe nínípọn rẹ̀.

Kí tọ́nà lo ẹ̀rọ léètì láti gé ojú páìpù kó tọ́, kí yóòkù wọlé pẹ̀lú òòlù rọ́bà láìmì. Kí wọ́n tó jó o, ẹ tẹ́ pọ̀pẹ́là sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: bí etí yóòkù iwájú bá dùbúlẹ̀, ti ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ jó o díẹ̀ lójú mẹ́rin tó kọjú síra wọn, kí wọ́n dá a padà sórí léètì, kí wọ́n fi ohun ìwọ̀n olójú aago wò ó. Bí àárín páìpù bá ń mì ju mìlímítà 0.25 lọ, kí wọ́n tún un tò kó tó di pé wọ́n jó o yíká. Wẹ́dà tí kò ní sùúrù fún èyí, ẹ gba páìpù yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kúrọ́ọ̀sì tí ẹ máa lò ní ìwọ̀n. Lára àwọn Jeep, 1310 ló wọ́pọ̀: fìlà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 27, ó sì gùn ní 81.8. Ti 1330 ní fìlà kan náà, àmọ́ ó gùn ní 92.1. Ti 1350 ni fìlà rẹ̀ fẹ̀ tó 30.2. Láti 1310 sí 1330, fìlà ò yí padà, nítorí náà ẹ má retí ìyàtọ̀ ńlá. 1350 ni ìgbéga gidi, ó sì ń bèèrè yóòkù tuntun lójú méjèèjì. Èyí tí kò níhò gíríìsì lágbára díẹ̀ ju oníhò lọ, torí wọn ò lu inú rẹ̀. Fún eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ wa, oníhò ni èmi máa mú, ṣùgbọ́n fún ẹni tó máa rántí láti fín in ní gíríìsì nìkan.

Kí ẹ tó yọ èyí tó ti gbó, ẹ fi òkúta ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fa bíréèkì ọwọ́. Bí pọ̀pẹ́là bá ti kúrò, gíá tàbí P ò di táyà ẹ̀yìn mú mọ́, ọkọ̀ sì lè yí lọ sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé. Ó máa ń fọ́ láìsọ fúnni. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sára fúláńjì àti yóòkù, àti sára sílíìfù eléyín náà, kí ohun gbogbo lè padà síbi tó ti kúrò. Àìmọye pọ̀pẹ́là ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fa sílíìfù yọ láti fi gíríìsì sí i, tí wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú eyín kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́, ni gbígbọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀.

Wíwọ kúrọ́ọ̀sì tuntun ló ń fi ọ̀gá hàn. Inú fìlà kọ̀ọ̀kan ni àwọn abẹ́rẹ́ wà, wọ́n tò yíká ògiri rẹ̀, gíríìsì ló dì wọ́n mú. Bí ẹyọ kan bá ṣubú sísàlẹ̀ fìlà, fìlà náà ò ní wọlé tán, ojú ibi tí kílíìpù máa jókòó sí ò sì ní yọ. Ọmọṣẹ́ tí kò mọ̀ á gbé òòlù ńlá, á gbá a títí kílíìpù á fi wọ̀ tipátipá. Abẹ́rẹ́ náà ti fọ́ nínú. Ẹ lo fáìsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, kékeré kan láti ti fìlà, ńlá kan láti gbà á lódì kejì. Kí ẹsẹ̀ kúrọ́ọ̀sì ti wà nínú fìlà kí ẹ tó máa fún un, kí ó lè di abẹ́rẹ́ mú sáyè wọn. Bí kílíìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wọlé, ẹ fi ọwọ́ tẹ kúrọ́ọ̀sì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá le lápá kan, ẹ fi òòlù kékeré gbá etí yóòkù lẹ́ẹ̀kan, fìlà á sún padà kan kílíìpù, á sì rọ̀. Bí kò bá rọ̀, ẹ tú u.

Yúbóòtì tó di fìlà mú lára píníọ̀nù 1310 kò fẹ́ ju 19 sí 23 N·m (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtì) lọ. Ó kéré lójú, ọ̀pọ̀ á fi gbogbo agbára fà á. Fìlà á wá tẹ̀, á há abẹ́rẹ́, kúrọ́ọ̀sì tuntun á sì gbóná jó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ fúláńjì píníọ̀nù, ẹ sàmì sára nọ́ọ̀tì, píníọ̀nù àti fúláńjì kí ẹ tó tú u, torí nọ́ọ̀tì náà ló ń pinnu bí bíárìn píníọ̀nù ṣe há tó.

Bí ẹ bá wa ọkọ̀ jáde tó ṣì ń gbọ̀n, irú gbígbọ̀n náà á sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tó ń wá bí ẹ bá tẹ iná tó ń lọ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, dìgírì ni. Èyí tó ń wá ní eré kan pàtó, ì báà jẹ́ pé ẹ tẹ iná tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, pọ̀pẹ́là kò wúwo dọ́gba ni, tàbí páìpù ti ṣẹ́ díẹ̀. "Kín-kín-kín" nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ jẹ́ kúrọ́ọ̀sì gbígbẹ. Ẹ wo ìdí fìlà, ẹ máa rí ìpẹtà pupa bí àtíkè níbẹ̀.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n kó dọ́gba nítòsí, ẹ de kílíìpù onísúkúrù méjì, irú tí wọ́n fi ń de họ́ọ̀sì, mọ́ ìpẹ̀kun páìpù lápá díìfù, kí orí súkúrù méjèèjì wà lójú kan. Ẹ wà á lórí ọ̀nà tó mọ́ ní eré tó ń gbọ̀n. Ẹ yí wọn sí ìdá mẹ́rin ìyípo, kí ẹ tún wà á. Níbi tí gbígbọ̀n bá ti kéré jù, ẹ ya orí méjèèjì kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa pa rẹ́. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, gíríìsì lítíọ̀mù NLGI 2 (ìwọ̀n kíki rẹ̀ nìyẹn) ni kí ẹ máa fín sínú kúrọ́ọ̀sì àti sílíìfù, títí tuntun á fi lé èyí tó ti gbó jáde lẹ́nu fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá tú u jáde, ihò rẹ̀ ti dí. Pọ̀pẹ́là oníkúrọ́ọ̀sì méjì níwájú tún ní bọ́ọ̀lù kékeré kan láàárín, ihò gíríìsì rẹ̀ sì fara pamọ́. Ẹnu ìbọn gíríìsì tó mú bí abẹ́rẹ́ ló lè dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú lára ọkọ̀ tí wọ́n ń wà nínú eruku láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Tí ọkọ̀ bá gba inú odò kọjá, ẹ fín gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bóòtì fúláńjì ńkọ́, ẹ tún wọn fún lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́. Kí wẹ́dà sì ṣe òrùka irin kan sára ṣaasí, tó yí pọ̀pẹ́là ká nítòsí kúrọ́ọ̀sì iwájú, kí àyè tó fún un láti gòkè sọ̀kalẹ̀, torí bí kúrọ́ọ̀sì iwájú bá já lórí eré, imú pọ̀pẹ́là tó bá balẹ̀ lè gún ọ̀dà, kó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò nílẹ̀.